Ẹ́ńjìnnì ńlá nínú mọ́tò mánúà: ẹ yanjú ọ̀rọ̀ gíà kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sínú mọ́tò mánúà, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé èló ni wọ́n ń tà á, ṣé kì í jẹ ọ́ọ̀lì, ṣé wọn ò tíì ṣí i rí. Ó dáa kó bèèrè, àmọ́ gíà ló sábà máa ń dá iṣẹ́ yìí dúró, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ti gbé ẹ́ńjìnnì wọlé tán, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ihò bóòtù ẹnu gíà ò bára mu, tàbí kí ihò bára mu kí ṣáfùtù gíà má wọ díìsì kílọ́ọ̀ṣì, tàbí kí gbogbo ẹ̀ wọlé kẹ́ ẹ wá gbé mọ́tò jáde sọ́nà Ṣàgámù kí ẹ́ńjìnnì máa ké lórí gíà karùn-ún bí ẹni pé gíà kẹta lẹ wà, torí pé gíà ẹ́ńjìnnì kékeré ṣì ni. Owó ti lọ nígbà yẹn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ máa wò, tẹ́ ẹ máa wọ̀n, tẹ́ ẹ máa kà, kí owó tó kúrò lápò yín, ì báà jẹ́ Lafẹnwa l'Abẹ́òkúta níbí lẹ ti máa ṣe iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ Ládìpọ̀ tàbí Gate n'Ìbàdàn lẹ ti máa ra ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè fi gíà yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù ú nínú ìdílé kan náà, èyí ló rọrùn jù, òun náà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ lè ra ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíà tó bá a wá láti òkè òkun, kẹ́ ẹ wá máa wá bí ẹ́ńjìnnì síìtì (ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) àti ṣáfùtù wíìlì (ọ̀pá tó ń yí táyà) ṣe máa bá mọ́tò yín mu. Tàbí kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, gé irin pẹlẹbẹ sáàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà tí ò mọra wọn rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti irin pẹlẹbẹ yìí sílẹ̀, àyàfi tí tọ́nà yín bá ní irinṣẹ́ tó fi lè mọ̀ bóyá ẹnu gíà àti ojú kíráǹkì (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí) ṣe kongẹ́ ara wọn, torí ìyẹ̀ díẹ̀ nínú mílímítà kan ṣoṣo, tí ojú lásán ò lè rí, ti tó láti pa béárìn iwájú gíà. Irin yẹn tún máa ń ti gíà sẹ́yìn, ṣáfùtù á wá dà bíi pé ó kúrú.

Ẹnu gíà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn apá ibi tó fẹ̀ tó fẹnu ko ẹ́ńjìnnì. Tí gíà yín bá ti wà nílẹ̀, ẹ wá páálí tó le, páálí tẹlifíṣọ̀n dáa gan-an, ẹ fi lé ẹnu gíà, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká kí gírísì tó wà lẹ́nu ẹ̀ fi àmì gbogbo ihò sára páálí, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ gé ihò kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ gé ààrin ẹ̀ náà kí ẹ̀yìn kíráǹkì lè ráyè yọ síta. Páálí yìí lẹ máa mú lọ sọ́jà. Ẹ fi lé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, tí gbogbo ihò bá ṣe kongẹ́ ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má da ara yín láàmú, pé ó máa wọlé, ẹ ṣáà fi páálí lé e. Ihò mẹ́ta tó bára mu nínú mẹ́fà, kò bára mu nìyẹn o.

Nínú àwọn ihò yẹn, méjì wà tí píìnì máa ń wà nínú ẹ̀, píìnì kúkúrú oníhò bíi páìpù ni. Àwọn píìnì méjì yìí ló ń mú gíà jókòó sójú ààrin kíráǹkì gan-an. Bóòtù ò ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bóòtù kàn ń fa gíà mọ́ra ni. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni píìnì ẹ̀ ti jábọ́, tàbí tó ti bá gíà tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì sì ń so gíà láìsí i. Mọ́tò á rìn o. Tó bá yá ni díìsì tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gíà á máa hu, síílì á máa jo, wọ́n á wá ní díìsì tẹ́ ẹ rà ni ò dáa. Ẹ má gbà kí wọ́n so gíà láìsí píìnì méjèèjì, tí wọn ò bá sí ńbẹ̀ kí tọ́nà ṣe wọ́n.

Ó wá kan ẹ̀yìn kíráǹkì. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń wọ̀lú báyìí, inú mọ́tò ọ́tò ni wọ́n ti yọ ọ́, pàápàá èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá. Ohun tẹ́ ẹ máa bá lẹ́yìn irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní eyín létí, kì í ṣe fíláíwíìlì, irin róbótó tó nípọn tí kílọ́ọ̀ṣì ń so mọ́. Ẹ máa yọ ìyẹn dà nù, ẹ máa wá fíláíwíìlì mánúà ti ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an pẹ̀lú bóòtù tiẹ̀, torí bóòtù irin fẹ́lẹ́ àti bóòtù fíláíwíìlì lè má gùn dọ́gba. Èyí tó kúrú ò ní dì í mú, èyí tó gùn jù á kanlẹ̀ nínú kíráǹkì kó tó fa fíláíwíìlì mọ́ra, ẹ̀yin á rò pé ó ti le, kò le rárá. Ẹ ka ihò bóòtù ẹ̀yìn kíráǹkì náà o, ẹ má fi orúkọ ẹ́ńjìnnì nìkan ra fíláíwíìlì: 4G63 ti Mitsubishi, àwọn ti àkọ́kọ́ ní bóòtù mẹ́fà, àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn ní méje, orúkọ kan náà ló sì wà lára àwọn méjèèjì.

Tó bá jẹ́ mọ́tò tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ́, ẹ tún ki ìka bọ ihò ààrin ẹ̀yìn kíráǹkì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, béárìn kékeré kan wà ńbẹ̀ tí orí ṣáfùtù gíà mánúà máa ń sinmi lé. Ẹ́ńjìnnì ọ́tò ò nílò ẹ̀, nítorí náà béárìn lè má sí ńbẹ̀, ihò fúnra ẹ̀ sì lè má tó ìwọ̀n. Ẹ gbé e lọ bá tọ́nà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ọ̀rọ̀ ríwáyà náà wà ńbẹ̀: bíréènì bọ́ọ̀kìsì ọ́tò (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ṣì máa máa wá gíà ọ́tò ẹ̀, kíkì sítátà ẹ̀ sì lè má dáhùn àfi tí wáyà ibi páàkì àti níútírà bá ti di ọ̀kan. Ríwáyà tó mọṣẹ́ máa ṣe é, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí bíréènì bọ́ọ̀kìsì mánúà ti ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ rà á.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú, bẹ́ẹ̀ òfin kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀. Ihò ààrin díìsì, ti gíà ni. Fífẹ̀ díìsì, ti fíláíwíìlì ni. Ìyẹn ni pé tí gíà yín bá dúró tí ẹ́ńjìnnì yí padà, díìsì tẹ́ ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní eyín láàrin bíi ti ṣáfùtù gíà yín, kó sì fẹ̀ tó pírẹ́ṣọ̀ pílétì (irin tó ń tẹ díìsì mọ́ fíláíwíìlì) ti ẹ́ńjìnnì ńlá. Ẹ gbé gíà lọ tàbí kẹ́ ẹ gbé díìsì àtijọ́ lọ, kẹ́ ẹ ki díìsì tuntun bọ ṣáfùtù níṣojú yín, kó máa yọ́ lọ kó máa yọ́ bọ̀ láìlo agbára. Èyí tí wọ́n bá fi fáìlì ha kó tó wọlé, ẹ dá a padà. Ẹ má sì ní torí owó fi kílọ́ọ̀ṣì ẹ́ńjìnnì kékeré sábẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá, òkè Aké yẹn nìkan ti tó láti sun ún nígbà tí èrò mẹ́rin bá wà nínú mọ́tò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn jíjìn. Ẹ fi rúlà gbọọrọ lé ẹnu gíà, ẹ wo bí orí ṣáfùtù ṣe yọ tó tàbí bó ṣe rì tó sí ojú ibi tí gíà ti máa fẹnu ko ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí fíláíwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì bá wà lára ẹ̀: ibo ni ihò díìsì ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni ẹ̀yìn kíráǹkì wà. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni pé kí eyín ṣáfùtù gba inú ihò díìsì kọjá tán, kí orí ṣáfùtù má sì kan ìdí kíráǹkì. Fáníà (irinṣẹ́ ìwọ̀n) lẹ máa fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ibi rìlíìsì béárìn (béárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dálì ẹ̀) náà, kó lè rìn dé ìka pírẹ́ṣọ̀ pílétì kó tì í tán, kó sì padà sẹ́yìn kó má máa fara kàn án tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi Golf 3 ti Volkswagen ṣàpẹẹrẹ, torí ó ṣì wà nígboro dáadáa, ó sì kó gbogbo nǹkan yìí pọ̀ sójú kan. Golf 3 jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 1.4, 1.6, 1.8, 2.0, ó lọ títí dé VR6 (oní-sílíńdà mẹ́fà) tó jẹ́ 2.8. Ẹ́ńjìnnì 1.8 àti 2.0 oní-fáàfù mẹ́jọ, ọmọ ìyá ni wọ́n, ìdílé EA827, gíà tí wọ́n ń pè ní 020 ló máa ń wà lára wọn. Nítorí náà ẹni tó ní 1.8 tó ń gbé 75 hp jáde tó fẹ́ bọ́ sí 2.0 tó ń gbé 115 hp jáde, gíà ẹ̀ máa wọlé wẹ́rẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ló máa tún wò: 020 yìí wá pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì 190 mm, 200 mm àti 210 mm, 210 ni kó so mọ́ 2.0. Ẹni tó ní 1.4 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Ìdílé EA111 ni 1.4, ẹnu gíà ẹ̀ ò bá 2.0 mu rárá, gíà 020 pẹ̀lú ṣáfùtù wíìlì ẹ̀ àti ọ̀pá tó ń yí gíà ló máa wá, nígbà tó bá sì fi máa kó gbogbo ẹ̀ jọ tán, bóyá ni ì bá má ti sàn kó ta 1.4 yẹn kó fi owó kún un ra Golf 2.0. Ti 1.6, irú méjì ló wà, òmíràn jẹ́ EA111, òmíràn sì tan mọ́ 1.8, ẹ fi páálí wò ó kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

020 tún ní ìwà kan tí gíà míì ò ní. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, fíláíwíìlì ló máa ń so mọ́ kíráǹkì, pírẹ́ṣọ̀ pílétì á wá so mọ́ fíláíwíìlì. Ti 020, òdìkejì ni: pírẹ́ṣọ̀ pílétì ló so mọ́ kíráǹkì, fíláíwíìlì ló wá bò ó lórí, ọ̀pá tín-ín-rín kan ló sì gba inú ṣáfùtù gíà kọjá látẹ̀yìn wá tì í. Torí ẹ̀ lẹ ò ṣe lè mú kílọ́ọ̀ṣì tàbí fíláíwíìlì 020 lọ bá gíà 02A, ìkan ò ní bá èkejì ṣiṣẹ́ láéláé. 02A ni gíà tó wà lára VR6, kílọ́ọ̀ṣì 228 mm ló ń lò, ọ́ọ̀lì ló ń tì í, kì í ṣe kébù, kébù sì ni wọ́n fi ń yí gíà ẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá. Ẹni tó fẹ́ VR6 máa ra pẹ́dálì, sílíńdà kílọ́ọ̀ṣì, kébù méjèèjì àti ṣáfùtù wíìlì mọ́ ọn. Kó sì ṣọ́ra, torí 02A tó wà lára TDI (oní-dísẹ́ẹ̀lì) àti 2.0 oní-fáàfù mẹ́rìndínlógún, ẹnu ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n ṣe sí i, ti VR6 ní ẹnu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè pé ara ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n ti yọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e wò.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ 020 sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i wo dífù (àwọn gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì). Rífẹ́ẹ̀tì ló di gíà ńlá inú dífù yẹn mú, àwọn rífẹ́ẹ̀tì yìí máa ń já tí ipá ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ dírẹ́fà bá wúwo, tó bá já á máa yí kiri inú gíà títí á fi lu ara gíà jáde. Kí wọ́n yọ rífẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi bóòtù tí wọ́n ṣe fún un rọ́pò ẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ náwó sí nìyẹn, ẹ má fi du ara yín.

Ti Toyota ò fi bẹ́ẹ̀ le. 4A-FE tó jẹ́ 1.6 àti 7A-FE tó jẹ́ 1.8, gíà C kan náà ló ń bá wọn lò. 3S-FE 2.0 àti 5S-FE 2.2 ti Camry náà ń lo gíà S, gíà S ò sì lè wọ 4A. 1ZZ náà ní gíà C o, àmọ́ ẹnu ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 4A, orúkọ ló jọra. Nissan: Micra 1.0 tó fẹ́ 1.3, ìdílé CG ni méjèèjì, ó máa wọlé. Primera tàbí Sunny 1.6 oní-GA16 tó fẹ́ SR20, kó ra gíà SR20 mọ́ ọn, ẹnu wọn ò bára mu. Honda, gíà ẹ́ńjìnnì ìdílé D ò wọ ẹ́ńjìnnì ìdílé B. Àwọn tó ṣì ní Peugeot 504, láti 1.8 sí 2.0 kò sí wàhálà, àmọ́ kẹ́ ẹ tó ronú ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ rántí pé pùròpẹ́là 504 wà nínú páìpù irin tó so ìdí gíà mọ́ dífù ẹ̀yìn, gíà àlejò ò ní ibi tó máa so páìpù yẹn mọ́.

Ó ku bí gíà ṣe gùn tó, ìyẹn bí mọ́tò ṣe ń rìn jìnnà tó tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Gíà ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń kúrú, torí kí ẹ́ńjìnnì tí ò lágbára lè rí mọ́tò fà. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì ńlá, á yára gbéra láti Panṣẹkẹ, inú yín á dùn, àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀nà jíjìn. Táyà 185/60R14 máa ń rin nǹkan bíi mítà 1.81 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní iye ìyí (ratio) gíà karùn-ún jẹ́ 0.80 tí ti dífù jẹ́ 4.25, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 96 ní wákàtí lẹ wà. Tí dífù bá jẹ́ 3.67, ìyí kan náà yẹn á gbé yín dé 111. Ariwo á dín kù, epo náà á dín kù. Àwa tí à ń gbé láàrin òkè níbí, ẹ̀rù gíà gígùn máa ń bà wá, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ńlá lẹ gbé sínú ẹ̀, á gun òkè Ìtòkú pẹ̀lú gíà gígùn láìsí pé ẹ ń jó kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ lè mọ gígùn gíà láì ṣí i. Ẹ fi òkúta sí táyà ẹ̀yìn, ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ jáàkì ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo sókè kí èkejì wà nílẹ̀, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè yí fúyẹ́, ẹ fi gíà sí karùn-ún. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà tó wà lókè àti sára pọ́ọ̀lì kíráǹkì. Kí ẹnì kan máa fi sípánà yí kíráǹkì síbi tó máa ń yí sí, kí ẹlòmíì máa wo táyà, títí táyà á fi yí ẹ̀ẹ̀mejì géérégé. Iye ìgbà tí kíráǹkì yí nígbà yẹn lẹ máa rí tẹ́ ẹ bá fi iye ìyí gíà karùn-ún sọ ti dífù di púpọ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí tó dín díẹ̀, gíà ọ̀nà jíjìn ni. Tó bá ti tó mẹ́ta ààbọ̀ sókè, ti ẹ́ńjìnnì kékeré ni. Gíà tó wà nílẹ̀ lọ́jà, ẹ di ojú ibi ṣáfùtù wíìlì kan mú pinpin, ẹ yí ṣáfùtù iwájú, ẹ kà á títí èkejì á fi yí ẹ̀ẹ̀mejì, èsì kan náà ni. (Mọ́tò tó ń fi iwájú wọ́ ni mò ń sọ o, tí dífù ẹ̀ sì jẹ́ èyí lásán tí kì í tì pa.)

Nígbà tí wọ́n bá ń so ó, ẹ dúró tì wọ́n. Gíà gbọ́dọ̀ fẹnu ko ẹ́ńjìnnì pátápátá pẹ̀lú ọwọ́ nìkan kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Tí àlàfo bá ṣì wà, tó wá jẹ́ bóòtù ni wọ́n fẹ́ fi fà á wọlé, ẹ dá wọn dúró, nǹkan kan ń kan nǹkan nìyẹn, ẹnu gíà á sán tàbí kí ihò díìsì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú kíkì sítátà kí ẹ́ńjìnnì tó wọnú mọ́tò, kẹ́ ẹ gbọ́ bí eyín ẹ̀ ṣe ń jẹ eyín fíláíwíìlì. Lẹ́yìn tó bá wọlé, wẹ́dà ò gbọ́dọ̀ so ẹ́ńjìnnì síìtì níbi tó bá ṣáà ti rí, kí ẹ́ńjìnnì àti gíà kọ́kọ́ wà níbi tí ṣáfùtù wíìlì méjèèjì ti rí ààyè, kẹ́ ẹ jáàkì mọ́tò sókè kẹ́ ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ṣáfùtù ò yọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọ̀ sílẹ̀, kò sì kanlẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá jókòó sílẹ̀. Ọ́ọ̀lì gíà, ẹ bèèrè GL-4, 75W-90 ló bá ọ̀pọ̀ wọn mu. Òmíràn nínú GL-5 máa ń jẹ irin pupa inú síńkírò (òrùka tó ń mú gíà wọlé jẹ́jẹ́). Ẹ wo bíréèkì àti sípíríǹgì iwájú náà, ẹ́ńjìnnì ti wúwo sí i.

Ìdánwò kílọ́ọ̀ṣì: ẹ gbé e lọ sọ́nà Ọ̀dẹ̀dá níbi tí mọ́tò ò ti pọ̀, ẹ wà lórí gíà kẹrin ní kìlómítà 50 ní wákàtí, ẹ tẹ pẹ́dálì tó ń mú mọ́tò sáré mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tí mọ́tò ò tẹ̀ lé e, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, ẹ dá a padà kó tó jẹ fíláíwíìlì.

Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀ kedere, kẹ́ ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́nsì kí wọ́n yí nọ́ńbà inú ìwé mọ́tò yín padà, torí nọ́ńbà tí ọlọ́pàá bá rí lára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò jáde gan-an.